Ara Mi Ò Yá

Ọjọ́ àáró kì í ṣàìní ẹni tí orí ń fọ́. Ní Okaka àti àwọn ìlú tó yí i ká ní Òkè-Ògùn, oko iṣu, oko ẹ̀gẹ́ àti oko àgbàdo ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń le kankan kí òjò tó rọ̀ ọ́, ẹnìkan kò sì lè dá ebè oko ńlá kọ tán. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi gbé àáró kalẹ̀: lónìí, gbogbo wa di oko rẹ, lọ́tùn-únla, gbogbo wa di oko mi. Gbèsè ni, ara la sì fi ń san án. Ẹni tí wọ́n ti bá kọ ebè tirẹ̀ tán, tó wá ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ oko ẹlòmíràn pé ara òun ò yá, ó ti jẹ gbèsè sápò.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àìsàn ni wọ́n máa ń mú bọnu? Ẹni tó bá ní iṣẹ́ mìíràn wà lọ́wọ́ òun, wọ́n á ní kó fi í sílẹ̀ ná. Ẹni tó bá ní ó rẹ òun, wọ́n á bi í pé ta ni kò rẹ̀. Ẹ sì gbìyànjú kí ẹ sọ fún bàbá ìyàwó yín tó bẹ̀ yín lọ́wẹ̀ pé ẹ ò fẹ́ wá! Kò sí gbólóhùn náà lẹ́nu àna. Àìsàn nìkan la lè fi kọ iṣẹ́ fún àgbà tí kò ní bínú, tí yóò tún ní "pẹ̀lẹ́ o", tí yóò sì rán ọmọ kó wá wo ojú ẹni. A ti gbogbo ilẹ̀kùn pa, a ṣí ọ̀kan sílẹ̀, ẹnu wá ń yà wá pé èrò pọ̀ níbẹ̀.

Èdè wa gan-an ń gbè wọ́n lẹ́yìn. "Yá" tó wà nínú "ara mi ò yá" náà la fi ń sọ pé "ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ". Ẹni tí ara rẹ̀ yá ti ṣe tán. Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ ìbànújẹ́, ó sì lè jẹ́ pé ara náà kàn kọ̀ ni. Ṣé irọ́ wá ni? Mo ti rò ó títí. Ẹni tó mọ̀ pé ibà ni wọn yóò gbọ́, tó sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ibà, irọ́ ló pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ kan tó sọ tí kì í ṣe òótọ́.

Èmi náà pa á lọ́mọdé, láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ ro oko. Ìyá àgbà ò bá mi jiyàn. Wọ́n gbé àgbo kalẹ̀, àgbo tó korò bí ewúro, wọ́n ní kí n mu ún tán, wọ́n ní ẹran ò sì yẹ ẹni tí ara ń gbóná. Kó tó di ọ̀sán, mo ti gbádùn.

Lóde òní, ìwé dókítà ló rọ́pò àgbo. Láti ọdún 1973 ni ìjọba ti ń rán àwọn àgùnbánirọ̀ sí ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Àwọn ti Ọ̀yọ́ máa ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní àgọ́ Ìsẹ́yìn, kí wọ́n tó pín wọn ká, títí dé àwọn abúlé Òkè-Ògùn. Òfin gbà kí aláìsàn tọrọ àyè láti kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni ikọ́ fée ṣe ń mú ẹni tí kò wúkọ́ rí, lọ́jọ́ tí wọ́n dárúkọ abúlé fún un.

Àwọn ẹni ńlá náà mọ ọ̀nà yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2000, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ara ọ̀gágun Pinochet, olórí Chile tẹ́lẹ̀, kò lè gbé ẹjọ́ mọ́, wọ́n dá a padà sí Chile. Bó ṣe dé pápákọ̀ òfuurufú, ó dìde lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ó sì rìn lọ kí àwọn tó wá pàdé rẹ̀. Èmi ò sí nínú ara rẹ̀, mi ò mọ ohun tó ń ṣe é. Ìdìde yẹn ni gbogbo ayé fi dá a lẹ́jọ́.

Ìdìde náà ló ń bà mí lẹ́rù. Àìsàn kan wà tí Yorùbá ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Lọ́dún 1910, James Herrick, dókítà kan ní Chicago, kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bí dòjé. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń fa àìsàn yìí, ó ń dí iṣan, tí egungun á máa ro èèyàn títí á fi ké. Ẹni tó wà nílé ò rí ẹ̀jẹ̀ kankan. Ohun tó rí ni pé ọmọ tó ń ké lánàá ti ń rìn lónìí, ohun tó rí náà ló sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ tún orúkọ náà gbọ́: àánú wà nínú rẹ̀, ìfura sì wà níbẹ̀. Ìrora náà kò ní ojú egbò, àgbo ìyá àgbà ò lè dán an wò. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni ẹ̀rí ọmọ náà, "ara mi ò yá", ọ̀rọ̀ yìí kan náà tí àwa ti ná bí owó ayédèrú láti sá fún ebè. Lọ́jọ́ tó bá sọ ọ́, wọ́n á wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n á ní: "Ìwọ kọ́ la rí lọ́jà lánàá?"

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ pe àáró lọ́dún yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan lè sọ pé, "Mi ò ní lè wá, màá san án lọ́jọ́ mìíràn," kí ẹ má sì bi í pé kí ló ń ṣe é.