Oúnjẹ Ọjọ́ Pàtàkì ní Ilé-Oúnjẹ Olówó Gọbọi: Ṣé Ìnákúnàá Ni?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ bí a bá péjọ. Ọkọ àti ìyàwó pé ọdún kan tí wọ́n ti so yìgì, ọkọ sì mú ìyàwó rẹ̀ lọ jẹun ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Victoria Island, níbi tí wọ́n ti ń fi aṣọ funfun bo tábìlì. Ṣé ó dẹ́ṣẹ̀? Àwọn kan a ní ìnákúnàá gbáà ni, pé ẹran ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìyá alámàlà. Àwọn mìíràn a ní owó rẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá a sọ ọ́. Èmi kò bá ìhà kankan lọ nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò owó náà ná. Bí oúnjẹ ẹni méjì bá jẹ́ 80,000 náírà, owó-orí ọjà tí ìjọba àpapọ̀ gbé kúrò ní ìdá 5 sí ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún 2020 yóò fi 6,000 lé e. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2009 lórí ohun tí a bá jẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé-oúnjẹ tún fi ìdá 5 kún un, ìyẹn 4,000. Ó di 90,000. Bẹ́ẹ̀ ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba fi òfin gbé kalẹ̀ ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000. Ohun tí ó ju owó oṣù òṣìṣẹ́ kan lọ ni àwọn méjì jẹ tán láàárín wákàtí méjì. Ẹni tí ó bá ní ìyẹn kò kan òun kò tíì ronú.

Síbẹ̀, hádíìsì kan wà tí Anas gbà wá, tí Imáàmù Muslim kọ sílẹ̀, tí a kì í sábà gbọ́ lẹ́nu àwọn oníwàásù wa. Aládùúgbò Ànábì wa kan, ará Páṣíà, mọ ọbẹ̀ sè gan-an. Ó se ọbẹ̀, ó wá pe Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) wá jẹ. Ànábì béèrè bóyá ìpè náà kan Àíṣà. Ọkùnrin náà ní rárá. Ànábì náà ní òun kò lọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà tí ọkùnrin náà gbà lẹ́ẹ̀kẹta ni tọkọtaya dìde, tí wọ́n jọ lọ sí ilé rẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Kì í ṣe dídùn ọbẹ̀ náà ni Ànábì kọ̀. Àdídùn tí a yọ ìyàwó rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ ni ó kọ̀. Nínú wa, arákùnrin tí ń bá ọ̀rẹ́ jẹ súyà àti ẹja yíyan níta ní gbogbo alẹ́ Jímọ́ọ̀, tí ìyàwó ń mu gààrí nílé, kò sẹ́ni tí ń pè é ní àpà. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ó bá mú un jáde ni a óò rántí àyà tí ó kọ ìnákúnàá. (Ẹ má sì gbàgbé pé arábìnrin mìíràn ni ó ń sanwó oúnjẹ náà lóde òní.)

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń béèrè ni ta ni a ń torí rẹ̀ náwó, àti ta ni a gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí owó oògùn ìyá, tàbí owó ilé-ìwé àbúrò, bá wà nínú 90,000 yẹn, ó ti bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ àmàlà ni a fi jẹ. Èyí tí ó burú jù ni gbèsè. A óò yáwó ṣàjọyọ̀, a óò wá máa fẹ́ olówó kù ní mọ́sáláṣí. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwòrán àwo oúnjẹ ni a fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rí, àwọn ẹlẹgbẹ́ náà ni a ń ṣe é fún, ìyàwó kàn bá wa jókòó ni.

Ọ̀rọ̀ ọtí kò gùn. A ti kọ̀ fún wa láti jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gbé ọtí kiri, nítorí náà ẹ wá ibi tí kò sí. Ẹ má sì tijú láti béèrè ohun tí ó wà nínú ọbẹ̀, torí pé àwọn Faransé a máa fi wáìnì se ẹran àti adìẹ.

Ìtìjú mìíràn tún wà. Mo ti rí àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ààbọ̀ oúnjẹ sílẹ̀ nínú àwo kí wọ́n má ba à dà bí ẹni tí ebi ń pa, nígbà tí Ànábì ní kí a nu àwo wa mọ́. Ẹ ní kí wọ́n bá yín dì í. Dírẹ́bà tí ó gbé yín wá ṣì wà nínú ọkọ̀ níta, ó ti tó wákàtí méjì. Ànábì ní kí ẹni tí ìránṣẹ́ rẹ̀ gbé oúnjẹ wá fún mú un jókòó tì í, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó fún un ní òkèlè kan tàbí méjì, torí pé òun ni ó fara da ooru rẹ̀. Dírẹ́bà kò dáná, ṣùgbọ́n oòrùn Èkó ni ó jókòó sí, ó sì ń gbọ́ òórùn ẹran láti ibi tí ó wà.