Orí, Ẹsẹ̀ àti Ọ̀nà

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, nígbà tí òjò ti fi gbogbo òru rọ̀ tí ilẹ̀ Ifẹ̀ sì tutù bí ìdí àmù, mo dúró lẹ́bàá òpópónà kan ní ìlú yìí, òpópónà tí n kò ní dárúkọ nítorí pé àwọn tó jọ ọ́ kò lóǹkà, mo sì rí ọlọ́kadà kan tó gbé ìyá àgbà kan sẹ́yìn, tí táyà iwájú rẹ̀ rì sínú kòtò tí omi ti bò lójú, tí àwọn méjèèjì sì ṣubú yakata. A sáré gbé ìyá náà dìde; ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún ti yẹ̀ ní oríkèé. Bàbá kan láàárín àwa tí a pé lé e lórí mi orí títí, ó ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ pé kò jù báyìí lọ." Obìnrin kan tí ń ta ẹ̀kọ nítòsí, tó ti ń fi omi tútù wẹ ẹrẹ̀ kúrò lára ìyá náà, dá a lóhùn láìgbójú sókè: "Ẹ má bínú o, Bàbá. Ọlọ́run kọ́ ló gbẹ́ kòtò yìí. Ọdún kẹta rèé tí èmi ti ń wò ó."

Bàbá náà kò fèsì. Àwọn èèyàn fọ́n ká, a gbé ìyá lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń to eegun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹlẹ́kọ yẹn kò tíì fi mí lọ́rùn sílẹ̀ láti ọjọ́ náà. Bí ènìyàn bá jìn sí kòtò tí gbogbo àdúgbò mọ̀, tí gbogbo àdúgbò sì ń yà fún, ta ni kí á pè sí i: Elédùmarè ni, àbí orí ẹni tó ṣubú, àbí àwa tí a jókòó tì í?

Ìgbàgbọ́ àwọn baba wa ni pé kí ọmọ ènìyàn tó ti ìsálú ọ̀run bọ̀ wá sí òde ayé, yóò kọ́kọ́ yà ní ilé Àjàlá, alámọ̀ tí í mọ orí, yóò sì ti ibẹ̀ gbé orí tó bá wù ú láti gbé. Ohun tí a kúnlẹ̀ tí a yàn nìyẹn, òun náà ni a dáyé bá, a sì gbà pé àyànmọ́ ò gbóògùn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀ tó sì dìde lọ yóò rò pé ẹjọ́ ti parí, pé orí ìyá àgbà yẹn ti yan kòtò kí wọ́n tó bí i. Ṣùgbọ́n Ifá kò dákẹ́ síbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, tó ṣe ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1982 títí di 1989, fi hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ Ifá pé bí orí ti jẹ́ òrìṣà ni ẹsẹ̀ náà ní ipò tirẹ̀, nítorí pé orí rere tí kò bá rí ẹsẹ̀ tí yóò gbé e rìn kò lè dé ibi kankan. Ìlàkàkà ni ẹsẹ̀, òun ni akitiyan tí olúkúlùkù fi ń lé ìpín rẹ̀ bá. Orí a yan ibi tí à ń lọ, ẹsẹ̀ a sì gbé wa lọ.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ, mo ti rò ó bọ̀, mo sì wá rí i pé ohun kẹta wà tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìpín ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́ ẹsẹ̀ wa gan-an ló wà. Orí ni tèmi, ẹsẹ̀ ni tèmi, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹsẹ̀ mi ń tọ̀ kì í ṣe tèmi nìkan, kì í sì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nìkan. Aláboyún tí wọ́n ń gbé lọ sí ilé ìgbẹ̀bí lóru kò lè fi orí rere ọmọ inú rẹ̀ la àbàtà kọjá. Àgbẹ̀ tó kó kòkó jáde láti abúlé kò lè fi ìlàkàkà nìkan gbé ẹrù dé ọjà bí afárá bá ti já. Ọ̀nà ni ìpín tí ìlú yàn fún ara wọn lápapọ̀. Nítorí náà ẹni tó bá jẹ owó ọ̀nà kò jí owó lásán. Ó ti na ọwọ́ dé ilé Àjàlá, ó ti ń fọ́ orí tí kò mọ.

Bí ìlú kan bá wà lórí ilẹ̀ ayé tí kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí, Ilé-Ifẹ̀ ni, Ifẹ̀ Oòdáyé, níbi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá. Ṣé àwọn baba wa kò sọ fún wa pé nígbà tí àwọn òrìṣà ń ti ìsálọ̀run bọ̀, igbó dí wọn lọ́nà, tí àdá àwọn yòókù tẹ̀ kọ̀rọ̀, àfi ìgbà tí Ògún Lákáayé yọ àdá irin, tó ṣán igbó náà, tí gbogbo wọn sì tọ ipa rẹ̀ wọlé? Iṣẹ́ ọ̀nà ni wọ́n torí rẹ̀ fi í jẹ Ọ̀ṣìn Imọlẹ̀, olórí àwọn òrìṣà. Títí di òní, ojúbọ Ògún Ládìn wà nínú ààfin Ọọ̀ni, bẹ́ẹ̀ ni tọdún tọdún ni a ń ṣe Ọlọ́jọ́ tí a sì ń rántí rẹ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu, n kò sì fi í ṣe àwàdà, pé bí ọkọ̀ bá dojú dé lórí ọ̀nà tó bàjẹ́, a óò ní Ògún ló mu ẹ̀jẹ̀. Ògún tó la ọ̀nà ni à ń fi ẹ̀sùn kàn nítorí ọ̀nà tí a kò tún ṣe!

Kì í ṣe Ògún nìkan ló ṣe iṣẹ́ ọ̀nà ní Ifẹ̀; ẹ jẹ́ kí n sọ ti àpáàdì tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ìlú yìí. Ní 1957, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń tú ilẹ̀ kan ní Ìta Yemòó láti kọ́lé sí i, ère idẹ bẹ̀rẹ̀ sí yọjú láti inú erùpẹ̀, wọ́n sì pe awalẹ̀pìtàn Frank Willett wá wa ibẹ̀ bó ti yẹ. Yàtọ̀ sí àwọn ère, ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ló bá níbẹ̀. Peter Garlake náà bá irú rẹ̀ níbòmíràn ní Ifẹ̀ nígbà tó wa ilẹ̀ Ọbalárá ní ọdún 1971 àti 1972. Àwọn tó ṣe é kò da àfọ́kù ìkòkò sílẹ̀ ṣákálá. Wọ́n nà án ró ní ìbú, wọ́n tò ó pọ̀ mọ́ra tí etí rẹ̀ nìkan ló kọjú sókè, wọ́n sì to òkúta wẹ́wẹ́ funfun sí àárín rẹ̀ ní ìlà ìlà, tó fi jẹ́ pé òjò tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún kò rí i hú. Àwọn onímọ̀ gbà pé kì í ṣe ayé ọba kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ́ gbogbo rẹ̀, àmọ́ ìtàn tó wà lẹ́nu àwọn àgbà ń fi í fún Lúwòó Gbàgìdá, obìnrin tó gun orí ìtẹ́ Odùduwà, ìyá tí àwọn ará Ìwó tọ orírun wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun, ó sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá lùfin ni kí ó lọ kó àpáàdì àti òkúta wá, kí ó máa fi tẹ́ ilẹ̀ ìlú.

Àwọn ènìyàn a máa fi ìtàn yìí sọ nípa afẹ́ ọba. Ní tèmi, ìjìnlẹ̀ òfin ni mo rí nínú rẹ̀. Ẹni tó ba ìlú jẹ́ kò san owó ìtanràn sí àpò ẹnì kan, wọn kò sì kàn tì í mọ́lé kó máa jẹun lásán. Ilẹ̀ tí gbogbo ayé yóò tẹ̀, títí kan ẹni tó ṣẹ̀ àti ọmọ rẹ̀, ni wọ́n ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe. Láyé tiwa, ẹ̀ṣẹ̀ ni ó ń ba ọ̀nà jẹ́. Láyé Lúwòó, ọ̀nà ni wọ́n fi ń wẹ ẹ̀ṣẹ̀.

Ibo ni okùn ti wá já? Mo rò pé ibi tó já wà nínú ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa ń sọ láìfura: pé a kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba kí á làágùn. Peter Ekeh, ọ̀mọ̀wé tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ ọ́ ní 1975 pé láti ìgbà òyìnbó ni ènìyàn dúdú ti ń gbé nínú àwùjọ méjì: àwùjọ ilé àti ẹbí, níbi tí olè jíjà ti jẹ́ èèwọ̀, àti àwùjọ ìjọba, níbi tí ẹni tó bu owó jẹ kò ti rí ara rẹ̀ bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọkùnrin kan náà tí kò ní fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú owó ẹgbẹ́ rẹ̀ lè gba owó gọ́tà kó fi kọ́lé. Síbẹ̀ ẹ wo orúkọ tí àwọn baba wa sọ owó tí wọ́n ń san fún ìjọba: owó-orí. Olúkúlùkù mú lára orí rẹ̀, ó dá a jọ, kí ẹsẹ̀ gbogbo wọn lè rí ibi tẹ̀. Ní 1968 àti 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá dìde tí a ń pè wọ́n ní Àgbẹ́kọ̀yà, owó-orí tó wúwo ló fà á, ṣùgbọ́n ó wà nínú ẹ̀dùn ọkàn wọn pẹ̀lú pé ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ń gbowó tí ọ̀nà abúlé sì ń di igbó. Ìjọba Ọ̀gágun Adébáyọ̀, tó jẹ́ gómìnà ológun ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, padà sọ owó-orí náà di pọ́n-ùn méjì. Àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn mọ̀ pé owó àwọn ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè bínú. Lónìí, láti Àbújá ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìjọba ìbílẹ̀ ti ń wá, púpọ̀ rẹ̀ láti inú epo tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò wà, ó sì dà bí òjò tí kò ní olúwa: ẹni tó bá gbé agbada síta ló gbọ̀n ọ́n.

Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, ó ka títún òpópónà àti gọ́tà ṣe mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ilé Ẹjọ́ tó ga jùlọ sì dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 pé tààrà ni kí owó wọn máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwa ará Ọ̀ṣun gbọ́, a yọ̀. Àmọ́ nígbà tí 2025 dé, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ta ni alága tòótọ́, wọ́n ti ọ́fíìsì, àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sílé fún oṣù púpọ̀, owó ìjọba ìbílẹ̀ ọgbọ̀n tó wà ní ìpínlẹ̀ yìí sì há sí Àbújá. N kò wá dá ẹjọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ló ń fara gbá a, gọ́tà àdúgbò sì ni koríko ti ọdún yẹn.

Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ owó, ìkéde tí ìjọba ń ṣe lórí ọ̀nà pẹ̀lú ń kọ mí lóminú. Láyé àtijọ́, bí akéde bá lu agogo, ohùn ọba ló gbé dání, bí ohùn náà bá sì bọ́ sílẹ̀ láìṣẹ, ìtìjú ni fún ààfin. Nísinsìnyí, rédíò a ní iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ ní ibí, pátákó a ní yóò parí nígbà báyìí. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ ti kéde ètò ọ̀nà ńlá ní 2023, tí afárá òkè Lágéré sì wà nínú rẹ̀, ènìyàn kan kò sí ní Ifẹ̀ tí kò ní ohun tó fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Mo fẹ́ kí a máa kéde. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, ẹni tó bá kéde ọ̀nà ti jẹ́ ẹ̀jẹ́, mo sì gbà pé irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí a jẹ́ níwájú òrìṣà.

Àwọn ẹ̀sìn tí a gbà lẹ́yìn náà kò kúkú tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ní ìṣọ́ òru, à ń bẹ Ọlọ́run kí ó la ọ̀nà fún wa, bẹ́ẹ̀ ni Ìwé Mímọ́ tó wà lọ́wọ́ wa, nínú Ẹ́kísódù orí 21, sọ pé bí ẹnì kan bá gbẹ́ kòtò tí kò bò ó, tí màlúù ẹlòmíràn sì kó sí i, ẹni tó ni kòtò ni yóò san án. Kò ní kí a bi màlúù léèrè àyànmọ́ rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí mọ hádíìsì tó ka mímú ohun tí ń pani lára kúrò lójú ọ̀nà mọ́ ẹ̀ka ìgbàgbọ́, àwọn àlùfáà a sì máa sọ ọ́ nípa Kálífà Umar pé ẹ̀rù ń bà á pé bí ìbaaka kan bá kọsẹ̀ ní ilẹ̀ Ìráàkì tó jìnnà, òun ni Ọlọ́run yóò bi pé kí ló dé tí kò tẹ́ ọ̀nà fún un. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, mo rántí ìyá tí ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ ṣe àìdáa sí bàbá tó sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ènìyàn a máa kú lórí ọ̀nà tó tẹ́jú bí awẹ́ obì, ọjọ́ tó bá pé ènìyàn kò sì ní í wo ọ̀dà. Ìtùnú ni bàbá náà ń wá fún ẹni tó fara pa, ìtùnú sì jẹ́ iṣẹ́ rere. Ohun tí n kò lè gbà ni kí a fi ọ̀rọ̀ ìtùnú dí kòtò. Àwọn àgbà ní ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Òwe ńlá ni, àmọ́ mo ti wá ń bẹ̀rù bí a ti ń lò ó, nítorí pé ọgbọ́n tí a ń kọ́ kò ju ọgbọ́n yíyà fún kòtò lọ. Àwa fúnra wa sì ńkọ́? Àwa tí à ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà bí òjò bá ṣú, àwa tí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ojú àgbàrá, a kì í dúró de àyànmọ́ kí á tó ṣe é.

Nígbà tó di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ìyá náà ṣubú, mo tún gba òpópónà yẹn kọjá. Ẹlẹ́kọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá kòtò, ó kó aṣọ rẹ̀ sí àárín orúnkún, ó ń to àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti àpáàdì ìkòkò ẹ̀kọ rẹ̀ tó ti fọ́ sí i, ní ìdúró, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Bàbá ọjọ́sí wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ru garawa iyanrìn, ó ń mí gúlegúle.

"Ẹ rọra, Bàbá," ni obìnrin náà wí. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ti ìsàlẹ̀."

Ojú ọ̀run ti ń ṣú bọ̀ láti ọ̀nà Òkè-Ìgbò. Mo gbé àpò mi kalẹ̀.