Ìtọ́jú Olùtọ́jú

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò ìbéèrè kan. Bí ogun bá ṣe ọkùnrin kan léṣe, tí ó sì padà sílé, ǹjẹ́ ó tọ́ kí aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ fi í sílẹ̀ ní òwúrọ̀, kí wọ́n lọ máa ṣe eré ìdárayá fún ìlera ara tiwọn?

Nígbà kan, èsì mi ni pé kò tọ́. Bárékè Odogbo kò jìnnà sí wa ní Agbowó, nítorí náà ìdílé ológun kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ológun-fẹ̀yìntì kan wà ní àdúgbò wa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bàjẹ́ lójú ogun. Kì í sùn dáadáa lóru; bí ẹnìkan bá ti ilẹ̀kùn gbàgà, a máa ta gìrì bí ẹni tí ó gbọ́ ìró ìbọn. Aya rẹ̀ ni í gbé e dìde, òun náà ni í wẹ̀ fún un. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, mo rí obìnrin náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì láàárín àwọn tí ń rìn kánmọ́kánmọ́ lọ sí ìhà Bódìjà, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Mo kí i, ṣùgbọ́n mo dá a lẹ́bi nínú ọkàn mi. Nígbà tí mo délé, mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Ó wò mí títí, ó ní, “Baálé mi, bí obìnrin yẹn bá ṣubú, ta ni yóò gbé ọkọ rẹ̀ dìde?”

N kò rí èsì fọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ wa bọ̀ láti ogun Bọ́mà lẹ́yìn 1945, àti nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní 15 Oṣù Kìíní 1970, a ka òkú, a sì ka àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Ta ni ó ka àwọn aya tí kò sùn? Lọ́dọọdún ní ọjọ́ 15 yẹn, a ń fi òdòdó lélẹ̀, a sì ń tú ẹyẹlé sílẹ̀ ní ìrántí àwọn ológun. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé kí kálukú ṣe eré ìdárayá nínú yàrá rẹ̀. Lóòótọ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa lo ara fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀, ènìyàn sì lè dá a ṣe. Ṣùgbọ́n àìsàn irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ara nìkan. Ìtìjú ń bẹ níbẹ̀. A ń ti ilẹ̀kùn, a kì í sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ń bá ẹlòmíràn rìn yóò gbọ́ pé oorun kò sí ní ilé tiwọn náà. Nínú ìdíje Invictus, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2014 fún àwọn ológun tí ó fara pa, tí Nàìjíríà sì kọ́kọ́ bá wọn kópa ní Jámánì ní 2023, a máa ń pe ìdílé wọn pẹ̀lú.

Bí kò bá sí ẹni tí yóò jókòó ti aláìlera, ọ̀rọ̀ yàtọ̀; ìfinisílẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà ni í wá jókòó tì í. Ẹ̀gbọ́n náà ti kó lọ báyìí. Orúnkún mi kò sì gba ìrìn kánmọ́kánmọ́ mọ́, nítorí náà èmi ni mo ń bá a jókòó ní Sátidé. Ayò ni a ń ta, òun ni ó sì sábà máa ń pa mí.