Àṣìṣe Inú Àpẹẹrẹ: Ta Ni Yóò Tún Un Ṣe?

Bí ẹnì kan bá rí àṣìṣe nínú ìwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ́ iṣẹ́, tí ó tún ti ara rẹ̀ ṣe, tí ó sì dákẹ́, ǹjẹ́ ó jẹ̀bi? Ẹ jẹ́ kí a wo ìbéèrè yìí nínú iṣẹ́ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kọ́ lónìí, èyíinì ni kíkọ ètò kọ̀ǹpútà.

Nínú SQL, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún àkójọ dátà, àmì apostrophe ni ó ń fi ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ọ̀rọ̀ hàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn àpẹẹrẹ PHP púpọ̀ kọ́ olùbẹ̀rẹ̀ láti mú orúkọ tí ènìyàn tẹ̀, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àṣẹ tààrà. Bí orúkọ náà bá jẹ́ Adéṣínà, kò sí wàhálà. Bí ó bá jẹ́ d'Almeida, orúkọ ìdílé tí a mọ̀ dáadáa láàárín àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́, kọ̀ǹpútà yóò rò pé orúkọ ti parí lẹ́yìn d, yóò sì ka ìyókù sí àṣẹ. Ètò yóò kọ̀ ọ́. Ọmọ náà kò ní sí nínú ìwé orúkọ. Ihò yìí kan náà ni olè ń gbà wọlé: yóò tẹ àṣẹ tirẹ̀ sí àyè orúkọ. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí a kọ àṣẹ, kí a fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí a sì fi orúkọ ránṣẹ́ lọ́tọ̀.

Àwọn kan a máa wí pé àpẹẹrẹ lásán ni. Ó yẹ kí ó kúrú kí ó lè tètè yéni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n olùbẹ̀rẹ̀ gan-an ni kò mọ ohun tí a yọ kúrò. Ohun tí olùkọ́ bá kọ sójú pátákó ni gbogbo kíláàsì ń dà kọ. A yọ mysql_query, irinṣẹ́ àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ wọ̀nyí lò, kúrò nínú PHP 7 ní oṣù Kejìlá ọdún 2015. Ṣùgbọ́n yíyọ irinṣẹ́ kò yọ àṣà kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ti kọ́ ọ.

Ẹni tí ó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Nítorí náà, n kò dá ẹni tí ó kọ àpẹẹrẹ náà lẹ́bi púpọ̀. Ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ó ń rí i. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ni ó ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà PHP, ẹnikẹ́ni sì lè fi àtúnṣe ránṣẹ́, àti sí ti èdè Faransé tí àwa ń kà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tí ó rí i ni àgbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ogún ọdún.

Ṣùgbọ́n àtúnṣe ní ìwà tirẹ̀. Kí a kọ́kọ́ dán an wò, nítorí àtúnṣe tí kò tọ́ jẹ́ àṣìṣe kejì. Kí a sọ ìdí rẹ̀, kí a má sì dójú ti ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́. Ẹni tí ó tún ti ara rẹ̀ nìkan ṣe kò jalè. Ṣùgbọ́n ó rí kòtò lójú ọ̀nà, ó yà fún un, ó sì mọ̀ pé àwọn ọmọdé ń bọ̀ lẹ́yìn.