Bí Ìwòsàn Bá Jìnnà, Ṣé Ìtọ́jú Náà Ti Tán?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ ní Adó-Èkìtì, ní Ìgèdè, ní Ìyìn àti ní Ìfàkì nígbà tí àìsàn ńlá bá wọlé. Àwọn àgbà á ní, "Àrùn là á wò, a kì í wo ikú." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn ènìyàn ń gbé òwe náà lọ ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Bí dókítà bá sọ pé àrùn náà ti kọjá èyí tí ọwọ́ lè mú kúrò, ǹjẹ́ ojúṣe wa sí aláìsàn ti parí nìyẹn? Ǹjẹ́ ó ku ohun kan tí a jẹ ẹ́ ní gbèsè?

Ẹ jẹ́ kí a mú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni ó ń pa ènìyàn jù nínú gbogbo jẹjẹrẹ ní àgbáyé. Ìṣirò ọdún 2022 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 2.5 ènìyàn ni ó ní in lọ́dún yẹn, tí nǹkan bí mílíọ̀nù 1.8 sì bá a lọ. Ikọ́ ni ó sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, a ó sì rò pé ikọ́ ife ni, tàbí ọyẹ́. Kí á tó mọ ohun tí ó jẹ́, ó ti lè tàn ká ara. Nígbà náà ni ìrìn-àjò á bẹ̀rẹ̀: láti Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ṣe Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, títí dé UCH ní Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ni ó ń padà wálé, tí mọ̀lẹ́bí sì ń sọ pé, "Kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́."

Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ bá jà. Ẹni tí ó sọ ọ́ ti pa ohun méjì pọ̀: ìwòsàn àti ìtọ́jú. Ìwòsàn ni kí àrùn lọ. Ìtọ́jú ni kí ara tu ẹni tí àrùn wà lára rẹ̀. Bí èkíní kò bá ṣeé ṣe, kò sọ pé èkejì kò ṣeé ṣe. Àwọn kan lè bi mí pé, "Kí ni àǹfààní ìtura wákàtí kan fún ẹni tí ìnira ń bọ̀ wá bá lọ́la?" Oúnjẹ òwúrọ̀ kì í dá ebi alẹ́ dúró, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ní oúnjẹ òwúrọ̀ kò wúlò.

Ìtàn kan wà nínú ẹ̀sìn wa tí ó yẹ kí a fi ọkàn sí. Nígbà ogun Bádírì, Rùkáyàtù ọmọ Ànábì ń ṣàìsàn. Ọkọ rẹ̀, Ùsìmánù, fẹ́ lọ sójú ogun bí àwọn ọkùnrin yòókù, ṣùgbọ́n Ànábì ní kí ó dúró ti ìyàwó rẹ̀. Rùkáyàtù kò rí ìwòsàn, ó kú. Síbẹ̀, wọ́n fún Ùsìmánù ní ìpín àti lááda ẹni tí ó wà ní Bádírì. Ẹ kíyè sí i: a kò fi bí àìsàn náà ṣe parí díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀. Ìdúró tì ni a kà sí i lọ́rùn.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn náà ti dé orí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1967, Cicely Saunders dá ilé ìtọ́jú St Christopher's sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn tí àrùn wọn kò gbóògùn. Ní ọdún 1993, Anne Merriman bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Kampala, Ùgáńdà. Ní Ìbàdàn tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò wà lára àwọn tí ó gbé irú ìtọ́jú yìí dìde ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2014, àpérò ńlá Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè fi irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ kún ètò ìlera wọn.

Ó dáa, kí ni ọwọ́ lásán lè ṣe nínú ilé? Ọ̀rọ̀ èémí ni kí a fi ṣáájú. Èdè wa kò fi èémí jìnnà sí ẹ̀mí. Lárúbáwá náà ń pe èémí ní nafas, ó sì ń pe ẹ̀mí ní nafs. Ẹni tí èémí rẹ̀ kò délẹ̀ rò pé ẹ̀mí ni ó ń lọ. Ẹ̀rù á bà á, ẹ̀rù á mú kí ó máa mí lemọ́lemọ́, mímí lemọ́lemọ́ á tún mú ìnira pọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fara balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí ó sì ń bá a mí jẹ́jẹ́, iṣẹ́ gidi ni ó ń ṣe.

Ẹ gbé e jókòó, kí ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì tàbí itan, kí ó dẹ èjìká sílẹ̀. Kí ó fi imú fa afẹ́fẹ́ wọlé, kí ó wá kó ètè jọ bí ẹni tí ó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kí ó tú u jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí ojú rẹ̀ níbi imú àti ẹnu. Àwọn olùwádìí ní Cambridge gbé èsì jáde ní ọdún 2010 pé fáànù kékeré àfọwọ́dìmú tí ó bá kọjú sí ojú ń dín ìnira èémí kù. Bí iná bá lọ, abẹ̀bẹ̀ ìyá àgbà ṣì wà lára ògiri.

Ẹ kọ́ ọ ní ìrìn ẹni tí ó ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè: kì í sáré, ó ń dúró kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Kí ó jókòó wẹ̀, kí ó jókòó wọṣọ. Bí ó bá sùn, ẹ fi ìrọ̀rí gbé orí àti ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ẹ mú gbogbo èéfín jìnnà sí i: igi ìdáná, tùràrí, kọ́ìlì ẹ̀fọn, jẹnẹrétọ̀. Fún ikọ́, kí ó máa mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, oyin sì lè wà níbẹ̀ bí àrùn ìtọ̀ ṣúgà kò bá sí lára rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ìfẹ́ ni ó ń mú wa fi ipá bọ́ aláìsàn, ṣùgbọ́n ipá kì í ṣe ìtọ́jú. Àrùn yìí a máa pa ìdùnnú oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún dípò púpọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìyá wa Áíṣà a máa ní kí wọ́n se ọ̀mùnù ọkà báálì fún aláìsàn. Ẹ̀kọ mímu tiwa náà lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti ìrun, ẹ̀sìn ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn: ẹni tí kò lè dúró, kí ó jókòó, ẹni tí kò lè jókòó, kí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó máa fi ìtijú dìde.

Ẹ̀yin abẹnìwò, ẹ̀tọ́ aláìsàn ni àbẹ̀wò, kì í ṣe ẹ̀tọ́ tiwa. Bí ènìyàn ogún bá kún yàrá, afẹ́fẹ́ tí wọ́n wá ṣe àdúà fún ni wọ́n ń fà tán. Ẹ wọlé ní méjì-méjì, ẹ ṣe àdúà kúkúrú, ẹ dìde. Ẹ sì ṣọ́ ẹnu. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí lójú aláìsàn pé, "Ṣebí sìgá ni." Sìgá ni olórí okùnfà àrùn yìí lóòótọ́, ó sì yẹ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ sá fún un. Àmọ́ àwọn tí kò fẹnu kan sìgá rí náà ń ní in. Ẹni tí ó sì mu ún, èémí rẹ̀ dùn ún bí ti ẹlòmíràn. Ọlọ́hun ni ó ni ìṣirò. Àánú ni a ní kí a ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí sódì. N kò sọ pé kí a ju oògùn nù. Oògùn ìrora wà ní ilé ìwòsàn, ẹ̀tọ́ aláìsàn ni. Bí ó bá ń wú ẹ̀jẹ̀, bí ojú àti ọrùn rẹ̀ bá wú, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rọ lójijì, tàbí bí èémí bá burú ju ti àná lọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Ẹ sì ṣọ́ra fún alágbo tí ó bá ní kí ẹ fi dókítà sílẹ̀.

Ó ku ẹnìkan tí a kì í sábà bi léèrè àlàáfíà rẹ̀: olùtọ́jú. Nígbà púpọ̀, ìyàwó ni, tàbí ọmọbìnrin kan tí ó ti ti ìsọ̀ rẹ̀ pa ní Ọjà Ọba. Kì í sùn, kì í jẹun lásìkò, a ó sì máa yìn ín pé ó ní sùúrù. Ìyìn yẹn lè di ìwà ìkà bí ó bá ń bo ọ̀lẹ tiwa mọ́lẹ̀. Sàlmánù ti rán Abú Dárdá létí pé ara ẹni ní ẹ̀tọ́ lórí ẹni, Ànábì sì ní òótọ́ ni ó sọ. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí olùtọ́jú sinmi. Ẹ̀ṣẹ̀ lè wà lọ́rùn àwa tí a kò jẹ́ kí ó rí ààyè sinmi.

Èkìtì kò ṣàìmọ ọ̀nà rẹ̀. Àwọn baba wa ń ṣe àáró lóko: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Kí ló dé tí a kò lè ṣe àáró alẹ́ lẹ́bàá àkéte aláìsàn? Kí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mọ́sálásí kọ orúkọ sílẹ̀: ẹni tí yóò sun ibẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀, ẹni tí yóò fọ aṣọ, ẹni tí yóò gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, ẹni tí yóò jókòó ti ìsọ̀ lọ́jọ́ ọjà. Igi kan kò lè dá igbó ṣe.

Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí èémí bá ṣì ń lọ tí ó ń bọ̀, ènìyàn wà níbẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ wò. Kí Ọlọ́hun tu àwọn aláìsàn wa lára, kí Ó fún àwọn tí ó dúró tì wọ́n ní agbára àti lááda, kí Ó má ṣe jẹ́ kí a sá nígbà tí ó bá kàn wá. Àmín.