Bí A Bá Dákẹ́, Tara Ẹni A Bá Ni Dákẹ́

Àwọn àgbà ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ní Kútọnu, ìbáà ṣe ará Kétu, Sákétẹ́ tàbí Pọ́bẹ̀, ló gbà pé ọmọlúàbí kì í bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ owó. Ọdún ń gorí ọdún, iṣẹ́ ń pọ̀ sí i, owó ilé ń lọ sókè, ẹnu kò ṣí. Lójú tèmi, ẹni tó bá fi pẹ̀lẹ́ béèrè ohun tó tọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀ kò rí ọ̀gá fín. Ìkùnsínú tí a gbé mì ló ń ba àárín ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ jẹ́.

Àwọn kan ń retí kí ìjọba bá wọn sọ ọ́. Ìjọba ṣe tirẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin Benin, tí gbogbo wa mọ̀ sí SMIG, kúrò ní 31,625 sẹ́fà, ó di 40,000 lọ́dún 2014. Ibẹ̀ ló jókòó sí títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2023 tó di 52,000. Ẹni tó bá fọwọ́ lẹ́rán dúró de irú ìyẹn yóò pẹ́ níbẹ̀. SMIG sì ń sọ iye tí agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ san dín. Kò sọ iye tó yẹ akọ̀wé tó ti ń gba 90,000 tẹ́lẹ̀. Ẹnu akọ̀wé ni ìyẹn kù sí.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ohùn tútù nìkan kò tó láti sọ ọ̀rọ̀ di rere. Ó gba ìmúrasílẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ tó lọ bá ọ̀gá, kí ó kọ ohun tó ti ṣe sílẹ̀: oníbàárà tó mú wá, gbèsè tó gbà padà, ẹrù tó bá wọn yọ ní èbúté, iṣẹ́ ẹni tó ti lọ tí wọ́n gbé lé e lórí. Kí ó wádìí iye tí wọ́n ń san fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò bíi Ganhi tàbí Akpakpa. Kí ó mú iye kan pàtó dání. Ẹni tó kàn sọ pé "Ẹ bá mi fi nǹkan sí i", bí wọ́n bá fi 2,000 sẹ́fà sí i, wọ́n ti dá a lóhùn. Owó ilé ìwé ọmọ àti àìsàn ìyá kò sì yẹ kó jẹ́ ẹ̀rí. Ọ̀gá lè ṣàánú lẹ́ẹ̀kan. Àánú kì í di owó oṣù.

Àkókò tún ṣe pàtàkì. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020, ọjà dojú rú fún ọ̀pọ̀ oníṣòwò Kútọnu. Ẹni tó béèrè àfikún ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀ kò wojú ọjọ́. Ní ti ẹni tó ní àdéhùn iṣẹ́ alákòókò, òfin ìgbanisíṣẹ́ ọdún 2017 gba agbanisíṣẹ́ láyè láti máa tún un ṣe láìníye. Kí onítọ̀hún tó tún buwọ́ lùwé ni kó sọ̀rọ̀, nítorí lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tutù. Kí ó sì tọrọ àyè: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lórí iṣẹ́ mi àti owó oṣù mi." A kì í dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tàbí níwájú oníbàárà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni ẹ̀yìn ìbéèrè. Ọ̀gá ní "Mo ti gbọ́, a máa wò ó." Àwọn kan á máa yọ ọ́ lẹ́nu lárààárọ̀, àwọn mìíràn á sì dákẹ́ títí ayé. Kí òṣìṣẹ́ dúpẹ́, kí ó béèrè ọjọ́ tí òun lè padà wá gbọ́ èsì, kí ó sì fi ìwé kékeré rán ọ̀gá létí ohun tí wọ́n jọ sọ. Bí ọjọ́ náà bá pé, kí ó padà lọ láìbínú. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Láàárín ìgbà náà, kí iṣẹ́ rẹ̀ má dín kù, nítorí bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Bí ọ̀gá bá gbà, kí àfikún náà hàn nínú fiche de paie, ìwé ẹ̀rí owó oṣù. Ìdá 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó wà nínú ìwé náà ni òṣìṣẹ́ ń san fún CNSS, àjọ tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì, agbanisíṣẹ́ náà sì ń san tirẹ̀. Owó tí a fi sínú àpòòwé fúnni kò sí nínú ìṣirò owó ìfẹ̀yìntì. Bí ọ̀gá bá kọ̀, kí òṣìṣẹ́ béèrè ohun tó kù kí òun ṣe, àti oṣù tí wọ́n lè tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń san owó tó kéré sí SMIG fún, tàbí tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CNSS, kò tọrọ ohunkóhun. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló ń béèrè. Ọ́fíìsì inspection du travail, àwọn olùbẹ̀wò iṣẹ́ ti ìjọba, wà fún ìyẹn. Ọ̀dọ̀ wọn ni òfin iṣẹ́ ti ọdún 1998 ní kí ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ kọ́kọ́ dé fún ìlàjà kó tó dé kóòtù. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà wà ní Bourse du Travail, ilé ẹgbẹ́ wọn. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Mo bẹ ẹ̀yin ọ̀gá pẹ̀lú: bí ọmọṣẹ́ bá fi ọ̀wọ̀ béèrè, ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn ní ọjọ́ tí ẹ dá. "Rárá" tó ní ìdí sàn ju "a máa wò ó" tí kò lópin lọ. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, bí iṣẹ́ yín bá ti jẹ́rìí, ẹ má fi dídákẹ́ pa á.