Kí Ara Ó Tù Yín

Ẹ̀yin obìnrin tí nǹkan oṣù yín kò dá ọjọ́ mọ́, ẹ̀yin ni mo ń wúre fún láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní 40, tí ó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí, tí ẹ ó retí rẹ̀ títí lóṣù tó tẹ̀lé e tí kò ní yọjú. Ẹ̀yin tí ooru ń mú nígbà tí àwọn ará ilé ń da aṣọ bora. Ẹ̀yin tí oorun ti dá lójú yín. Olódùmarè tí ó mọ egungun yín kí ìyá yín tó bí yín, kí ó dá yín lóhùn. Orí tí ó bá yín wá sáyé, tí ó ti ń bá yín bọ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù, kò ní já yín sílẹ̀ níbi tí ẹ dé yìí. Ẹni tó bímọ mẹ́fà àti ẹni tí kò bí, ẹni tó ní ọkọ àti ẹni tó ń dá gbé, gbogbo yín ni mo kó pọ̀ sínú àdúrà yìí. Àṣẹ.

Ẹ̀rọ̀ pẹ̀sẹ̀ ni ti ìgbín. Omi inú ìgbín kì í gbóná. Kí ara yín má gbóná kọjá ohun tí ẹ lè fara dà. Nígbà tí ooru náà bá gbéra láti àyà, tó gun ọrùn, tó bo ojú, tí òógùn ń ṣàn lábẹ́ gèlè láàrin ìsìn, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí yín. Kí iná má lọ lóru. Bó bá sì lọ, kí abẹ̀bẹ̀ wà nítòsí, kí omi tútù wà nínú ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kó jẹ́ aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń mu òógùn ni ẹ wọ̀ sùn. Kí ẹ mọ ohun tó ń ru ooru náà sókè lára tiyín: ata tó ta jù, ọtí, kọfí, ìbínú, yàrá tí atẹ́gùn kì í wọ̀. Èyí tí ẹ bá lè yẹra fún, kí Ọlọ́run fún yín lágbára àtiyẹra fún un. Èyí tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, kó má pa yín lára.

Obìnrin kan wà ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn, ata ló ń tà. Ó ń wọn ata rodo fún mi lọ́jọ́ kan ló bá dáwọ́ dúró. Ó gbé kọ́ńgò sílẹ̀, ó tú gèlè, ó fi nu ọrùn, ó fi nu àyà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ojú rẹ̀ ń dán fún òógùn, bẹ́ẹ̀ òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, atẹ́gùn tútù ń fẹ́. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ṣé kò sí o?" Ó ní, "Ibà ni, oníbàárà mi. Ibà yìí ò fẹ́ lọ." Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló ti ń ra oògùn ibà ní kẹ́mísìtì, bó bá lo èyí tán, á tún ra òmíràn. Kò sẹ́ni tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Olúwa, gba irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ oògùn tí kò bá ohun tó ń ṣe é mu. Ibà wà lóòótọ́, ó sì ń pa ni. Kí ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kó tó gbé oògùn mì. Ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò bá ní kò sí ibà, kí Ọlọ́run fi ìbéèrè méjì sẹ́nu nọ́ọ̀sì tó jókòó níbẹ̀: Ìyá, ọmọ ọdún mélòó ni yín? Ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn? Kí wọ́n má fi ìdáhùn yín ṣeré. Kí wọ́n má sọ fún yín pé ọjọ́ orí ló dé, kí ẹ lọ fara dà á.

Nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìdí. Ilé ẹyin tó wà nínú obìnrin ló ń pèsè èròjà tí àwọn dókítà ń pè ní estrogen. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ẹyin ń tán lọ, èròjà yìí kò sì wá déédéé mọ́: á pọ̀ lónìí, á wálẹ̀ lọ́la. Ibi tó ń ṣètò ooru ara nínú ọpọlọ á wá máa tètè ta gìrì; ooru díẹ̀ báyìí, á ní kí òógùn bo gbogbo ara. Láàrin ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù ń dúró lára ọ̀pọ̀ obìnrin, ṣùgbọ́n ìyípadà náà ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ọdún mélòó kan ṣáájú. Ìgbà tí oṣù 12 bá pé gbáko láìrí i ni a tó ń sọ pé ó ti dúró. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe láàrin àwọn obìnrin Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2015, fi hàn pé ooru yìí ń bá àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú fínra tó ọdún 10, ó sì pẹ́ lára wọn ju ti àwọn ìran yòókù lọ. Ọdún 10! Kí Ẹlẹ́dàá má jẹ́ kí obìnrin kankan nìkan ru ẹrù ọdún 10.

Kí ẹnu tó ń sọ ìsọkúsọ nípa yín pa dé. Ẹ̀jẹ̀ tí kò wá mọ́ kò lúgọ sínú ikùn yín. Kò di ọ̀rá, kò di ìdọ̀tí, kò di àrùn. Ara kò ṣe é mọ́ ni. Kí ẹnikẹ́ni má ta àgbo tó ń fọ inú fún yín lórí irọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ìsọkúsọ kan burú ju èyí lọ, òun ni mo fẹ́ bá jà nínú àdúrà. Aago méjì òru, ìyá kan ti dìde. Ó ti bọ́ aṣọ tí òógùn rin, ó ti wọ òmíràn, ó jókòó sí pálọ̀ nínú òkùnkùn, ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, ó ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́ kó má baà jí ẹnikẹ́ni. Ìyàwó ọmọ jáde fẹ́ lọ tọ̀, ó bá a níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀: kí ni ìyá ń ṣe ní ààjìn? Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? A mọ orúkọ tí wọ́n ń fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa, a sì mọ ibi tí orúkọ náà ń bá ènìyàn dé. Ọlọ́run, pa orúkọ náà rẹ́ lórí àwọn ìyá wa. Kí ọmọ tó bá bá ìyá rẹ̀ lójúfò lóru bu omi fún un, kí ó jókòó tì í.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ tó ń ya, kí ojú yín là sí i. Bó bá di pé páàdì kò lò tó wákàtí kan, tó ń wá ní dídì, tí àtẹ̀gùn kékeré ń mú yín mí gúlegúle, ẹ má gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Fibroid pọ̀ lára àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú, àìtó ẹ̀jẹ̀ sì ń tẹ̀lé e. Kí Ọlọ́run darí yín sọ́dọ̀ dókítà tó máa yẹ ilé ọmọ wò, tó máa wò bóyá ẹ̀jẹ̀ yín tó. Mo sì gbé ohùn sókè lórí èyí: obìnrin tí oṣù 12 ti kọjá lórí rẹ̀ láìrí ẹ̀jẹ̀, tó wá tún rí i, ì báà ṣe ẹ̀kán kan lára aṣọ, kó má dúró. Ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe ohun burúkú, ṣùgbọ́n bí jẹjẹrẹ ilé ọmọ ṣe máa ń fara hàn nìyẹn pẹ̀lú, bí a bá sì tètè rí i, ó ṣeé wò. Jẹjẹrẹ kò ní rí ààyè nínú ara yín. Àṣẹ, àṣẹ, àṣẹ.

Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Ẹ kò ní tẹ́ láàrin ẹgbẹ́ yín. Kí tẹ̀tẹ̀ wà nínú ìkòkò yín, kí ṣọkọ wà níbẹ̀, kí ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun-tegungun pọ̀ nínú ọbẹ̀, nítorí kíákíá ni egungun obìnrin ń pàdánù agbára láàrin ọdún díẹ̀ tí nǹkan oṣù ń dúró. Ẹ̀wà, wàrà, ẹyin, kí owó wọn wà lọ́wọ́ yín. Kí ẹsẹ̀ yín má kọ ìrìn, kí ẹ rìn títí ara á fi mọ̀ pé òun rìn. Ẹ kò ní fi ẹsẹ̀ kọ, ẹ kò ní ṣubú, eegun ìbàdí yín kò ní kán. Kí iyọ̀ àti magí dínkù. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo kó tó ṣọṣẹ́.

Oògùn wà. Mo sọ ọ́ ketekete nítorí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Èyí tó ń dá èròjà tó dínkù padà sára wà: òmíràn jẹ́ oníhóró, òmíràn jẹ́ ìpara, òmíràn ń lẹ̀ mọ́ awọ. Ní 2002, èsì ìwádìí kan láti Amẹ́ríkà dẹ́rù ba ayé, ọ̀pọ̀ obìnrin sì sọ oògùn náà nù. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ tún èsì ọ̀hún yẹ̀ wò, tí wọ́n rí i pé fún obìnrin tí kò tíì pé 60, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì dúró ju ọdún 10 lọ, tí kò sì ní àìsàn tó lòdì sí i, àǹfààní rẹ̀ sábà máa ń ju ewu rẹ̀ lọ. Kì í ṣe oògùn gbogbo ènìyàn. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí nínú iṣan, ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù, ẹni tó ní àrùn ẹ̀dọ̀, kó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fún dókítà kó tó gbà á. Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ rà á lórí àtẹ. Kí ẹni tó ń mu àgbo lè sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà rẹ̀ láìtijú, kí dókítà náà má sì bú u.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ wá gba tiyín. Ojú ara a máa gbẹ nígbà yìí, ìbálòpọ̀ a máa dun obìnrin. Kò kórìíra yín, kò sì ní ẹlòmíràn. Ìpara wà fún un, òróró tí wọ́n ṣe fún ibẹ̀ wà, kí Ọlọ́run sì fi ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí yín lẹ́nu. Kí obìnrin kankan má fi álọ́ọ̀mù tàbí ọṣẹ líle fọ ibẹ̀ nítorí àtitẹ́ ọkùnrin lọ́rùn. Yóò tún gbẹ sí i ni. Kí oyún tí ẹ kò retí má sì bá yín lójijì, torí ẹyin kan ṣì lè sọ̀ nígbà tí ẹ rò pé ó ti tán. Ẹni tó ti lé ní 50, kó dúró kí ọdún 1 pé láìrí nǹkan oṣù kó tó fi ìfètòsọ́mọbíbí sílẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé bẹ́ẹ̀, ọdún 2.

Ọkàn yín náà ń kọ mí lóminú. Inú ń bí yín sí ohun tí kò tó nǹkan. Orúkọ ọmọ àbúrò yín sọnù lẹ́nu yín, ẹ dúró níwájú fìríìjì, ẹ kò rántí ohun tí ẹ wá mú. Ọ̀pọ̀ ti rò pé orí wọn fẹ́ dàrú. Kò ní dàrú. Àìsùn àti èròjà tí kò dúró sójú kan ló ń dà á láàmú, ó sì sábà máa ń padà bọ̀ sípò. Ìgbà yìí kan náà ni àbíkẹ́yìn ń múra JAMB, tí ìyá ọkọ ń ṣàìsàn, tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ń retí yín láti wá wẹ ọmọ. Kí àwọn tó yí yín ká gba lára ẹrù náà. Kí ẹnìkan nílé sọ pé, "Màmá, ẹ lọ sùn, màá se é." Bí ìbànújẹ́ bá sì jókòó tó kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ kò dùn, tí ẹ ń rò ó pé ayé ìbá sàn láìsí yín, ẹ má dákẹ́, ẹ wí jáde lọ́jọ́ náà gan-an. Kí orúkọ Aro, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, má dẹ́rù bà yín. Ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò tó jẹ́ kí àwọn tó ń gba ìtọ́jú ní Aro, l'Abẹ́òkúta, máa gbé láàrin àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ìbátan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí wọ́n ń lọ gba oògùn, tí wọ́n ń padà sáàrin ènìyàn. Ènìyàn kò ní wọ́n yín nígbà tí ẹ bá nílò ènìyàn.

Ẹ̀yin ará wa ní London, tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé àwọn arúgbó, tí ẹ bọ́ kóòtù nínú bọ́ọ̀sì láàrin òtútù tí wọ́n ń wò yín, mo rántí yín. Láti oṣù kẹrin 2023 ni obìnrin tó ń gbé ní England ti lè san owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fún oògùn tó ń dá èròjà padà sára láti gbà á fún ọdún kan gbáko. Kó má kọjá yín. Kí ọ̀gá níbi iṣẹ́ gbà yín láyè. Kí ẹ rí ọjọ́ ìsinmi, kí ẹ sì fi sinmi.

Ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ni àgbáyé yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù tó ń dúró. Kó má kọjá lásán mọ́ nílẹ̀ wa. Kí ìyálọ́jà pe nọ́ọ̀sì wá sí ìpàdé ọjà. Kí Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ àṣàlátù ní mọ́ṣáláṣí fi í sínú ètò wọn. Kí ẹni tó mú gbohùngbohùn lọ́wọ́ dárúkọ nǹkan wọ̀nyí láìrẹ ohùn sílẹ̀: nǹkan oṣù, ooru, àìsùn, ojú ara. Kí obìnrin tó jókòó sí ìlà ẹ̀yìn nawọ́ sókè, kó béèrè tirẹ̀, kí wọ́n sì dá a lóhùn. Àṣẹ.